Ilé Ìjọsìn Tí Àwọn Ará Pólándì Kọ́ ní Peckham, Tí Ẹ Fi Àgádágodo Tì Mọ́ Òkú Halina

Fúláàtì Kejìlélógún,
Cobnut House,
Peckham,
London.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Àbójútó Ilé Àwọn Ìjọ Àlejò,
Gúúsù London.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀DÙN ỌKÀN LÓRÍ BÍ Ẹ ṢE TI ILÉ ÌJỌSÌN JADWIGA MÍMỌ́ PA, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ FÚN ỌJỌ́ ÌRÁNTÍ ÀWỌN ÒKÚ

Orúkọ mi ni Magdalene Ọbanijésù. Opó ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìwòsàn, èmi sì ni alága ìgbìmọ̀ àwọn ọmọ ìjọ ní Jadwiga Mímọ́ kí ẹ tó ti ibẹ̀ pa lẹ́yìn Àjíǹde ọdún yìí. Mo ti kọ̀wé sí yín lédè Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú èyí. Àwọn èsì tí mo gbà jọ ara wọn débi pé mo rò pé ẹ ṣèèṣì fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ padà ni. Ní ìsàlẹ̀ wọn ni mo ti rí i pé ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí yín ní èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, pé ẹ ó wá ògbifọ̀. Mo dúpẹ́. Ó ti rẹ̀ mí láti máa wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú. Èdè tí mo fi ń gbàdúrà ni mo fẹ́ fi sọ èyí. Mo bẹ ògbifọ̀ yín kó má dín in kù.

Ẹjọ́ mi kò gùn. Nínú ìjábọ̀ tí ẹ fi gbe ìpinnu yín lẹ́sẹ̀, ẹ sọ pé àwọn tó ń jọ́sìn ní Jadwiga Mímọ́ kò ní ìtàn kankan tó so wọ́n mọ́ ilé náà. Ẹni tí ẹ rán wá wò wá, àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wá, nígbà tí àwọn kan wà lẹ́nu iṣẹ́ tí àwọn tó kù sì wà lọ́dọ̀ dókítà. Ó ya fọ́tò àwọn àga tó ṣófo, ó wo òrùlé, ó lọ. Kò bi ẹnì kankan ní ìbéèrè. Nítorí náà, mo fẹ́ sọ ìtàn náà fún yín, èyí tí mo gbọ́ àti èyí tó ṣojú mi, kí n tó dé orí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù tó kọjá.

Àwọn ará Pólándì ló dá ìjọ yìí sílẹ̀. Sójà ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jagun Hítílà, ṣùgbọ́n nígbà tí ogun náà parí, ìlú wọn ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba tí wọn kò lè padà lọ bá. Wọ́n kúkú dúró sí London. Àwọn kan ń fọ abọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn kan ń tún ojú irin réluwé ṣe. Wọ́n rí yàrá kan háyà lókè ilé alápatà kan ní Rye Lane, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ Mísà lọ́jọ́ Ìsinmi, tí òórùn ẹran ń gba abẹ́ pákó wọlé bá wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó rí ilé àtijọ́ kan rà lọ́nà Nunhead, ilé tí wọ́n máa ń so ẹṣin akẹ́rù mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Stanisław Wrona wà lára àwọn tó sọ ilé ẹṣin náà di ilé Ọlọ́run. Ogun ti gba ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bí wọ́n bá ti dé láti ibi iṣẹ́, wọ́n á bọ́ kóòtù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ru bíríkì tí wọ́n ṣà lára àwọn ilé tí bọ́ǹbù wó. Ọmọbìnrin rẹ̀, Halina, kò tíì ju ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ nígbà náà. Òun ló ń pọn omi tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ǹtì. Halina yìí ni ẹ̀sùn mi dá lé lórí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé orúkọ rẹ̀. Ó sọ fún mi pé àwọn ìṣó tí bàbá òun kàn máa ń wọ́, nítorí ìka tí kò pé, àti pé àwọn ọkùnrin yòókù á dúró dìgbà tó bá yíjú sẹ́yìn kí wọ́n tó tún un kàn. Bàbá náà mọ̀. Kò sọ ọ́ rí.

Èmi àti ọkọ mi, Wándé, dé Peckham láti Abẹ́òkúta ní ọdún 1979. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni wá láti ilé. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan wà tí a kọ́kọ́ ń lọ, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó lé wa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti jókòó, àwọn tó wà lórí àga náà á rántí pé ibòmíràn ni àwọn fẹ́ jókòó sí. A fara dà á títí. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ọkọ mi ní òun kò lọ mọ́, pé kí a kàn rìn káàkiri títí ẹsẹ̀ wa yóò fi gbóná. Òjò ni a ń rìn nínú rẹ̀ nígbà tí a gbọ́ orin láti inú ilé kan tó dà bíi ilé ìkẹ́rùsí. A ṣí ilẹ̀kùn wọlé. A kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n Mísà ni, a mọ ibi tí a ti ń kúnlẹ̀ àti ibi tí a ti ń dìde.

Àwòrán Màríà Wúńdíá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Irú èyí tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ní ìlú wọn ni, ojú rẹ̀ dúdú, ìlà méjì sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wándé wò ó títí. Ó wá fi ẹnu kan etí mi, ó ní, "Magi, Ìyá yìí kọlà." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sunkún.

Obìnrin kan ló sún fún wa lórí àga. Halina ni. Kì í ṣe ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ènìyàn. Ó wo bàtà mi tó ti mu omi, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì tó le bíi tiwa sọ pé, "Òtútù máa pa ẹ́ pẹ̀lú bàtà yìí." Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó gbé bàtà aláwọ àti kóòtù kan wá fún mi nínú àpò. Bí mo ṣe fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó fa apá mi sókè, ó ní Ọlọ́run nìkan là ń kúnlẹ̀ fún nínú ilé yẹn.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n kò wá pọ́n ẹnikẹ́ni jù bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí àwa Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, tí a sì ń pe ìjọ náà ní Jádífígà nítorí ahọ́n wa kò lè gbé e, inú àwọn kan kò dùn. Àlùfáà ibẹ̀, Fádà Zygmunt, pe ìpàdé. A ti béèrè bóyá a lè máa ní Mísà kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí a ó máa kọ orin Yorùbá nínú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Tadeusz, tó jẹ́ olórin wọn, dìde. Kò pariwo. Ó ní, "Nínú gbogbo London, ibí nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í ti í sọ pé kí n pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kejì. Bí a bá tún fi èyí sílẹ̀, níbo ni kí n lọ?" N kò bínú sí i nígbà náà, n kò sì bínú sí i títí dòní. Ohun tó ń wá gan-an ni àwa náà ń wá.

Halina ló dá a lóhùn. Ó ní, "Nígbà tí bàbá mi dé, yàrá òkè ilé alápatà ni wọ́n fún un. Ṣé ibẹ̀ ni kí àwọn wọ̀nyí náà lọ?" Fádà Zygmunt ní kí Mísà àwọn ará Pólándì wà ní àárọ̀, kí tiwa tẹ̀lé e. Ọ̀gbẹ́ni Tadeusz lo ọ̀pọ̀ oṣù láìkí wa. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ kan, ó dúró de Mísà tiwa, ó jókòó sẹ́yìn, ó gbọ́ orin wa. Nígbà tó parí, ó lọ bá Adébánjí, ọ̀gá àwọn akọrin wa, ó ní ohùn kejì wa ń lọ sílẹ̀ jù. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti jọ ń kọ́ akọrin. Àwa kọ́ orin wọn lédè wọn, àwọn náà kọ́ tiwa. Halina kò fi ìgbà kankan pe "Olúwa" dáadáa títí tó fi kú, ó sì ń fi gbogbo agbára rẹ̀ kọ ọ́.

Bí a ṣe gbé ìgbé ayé nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. A jọ tún òrùlé ṣe nígbà tó ń jò. Ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, wọ́n ní búrẹ́dì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ènìyàn máa ń ṣẹ́ fún ẹnìkejì rẹ̀, tí ẹni méjèèjì á sì dárí ji ara wọn kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń tọrọ àforíjì láìṣàlàyé. Àwọn ọmọ wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi, ibẹ̀ ni wọ́n ti gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́.

Nígbà tí ọkọ mi kú, ọdún 2003, Halina àti àwọn obìnrin mẹ́ta wá sí fúláàtì mi. Wọ́n gbé ọbẹ̀ pupa kan wá, tí wọ́n fi gbòǹgbò kan tó dùn bíi ṣúgà sè. Kò sí ọ̀rọ̀ ìtùnú tí wọ́n sọ. Wọ́n jókòó tì mí ni. Nígbà tí àwọn yòókù lọ, Halina kò lọ. Orí àga pálọ̀ mi ló sùn fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ń lọ síbi iṣẹ́ láti ibẹ̀, ó ń padà síbẹ̀. Ọbẹ̀ yẹn kò dùn lẹ́nu mi rárá. Mo jẹ ẹ́ tán lójoojúmọ́.

Bí àwọn ará Pólándì ṣe kéré kò ṣòro láti ṣàlàyé. Àwọn àgbà ń kú. Àwọn ọmọ wọn kó lọ sí Kent, àwọn kan padà sílé nígbà tí ìlú wọn tún là. Àwọn ọ̀dọ́ tó dé lẹ́yìn ìyẹn rí ìjọ tó tóbi ju tiwa lọ ní apá ibòmíràn ní London. Fádà Zygmunt kú, ẹ kò sì fún wa ní àlùfáà tiwa mọ́. Àwọn àlùfáà tí ẹ ń yá wa ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n bí a bá ti mọ orúkọ wọn ni wọ́n ń lọ. Nígbà tó yá, nínú gbogbo ìdílé tó kọ́ ilé náà, Halina nìkan ló kù. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wà ní Pólándì tó máa ń fi fóònù kí i.

Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún yìí, àlùfáà kan tí a kò rí rí ka ìkéde yín fún wa lẹ́yìn Mísà. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó ní kí àwọn tó wà nítòsí máa lọ sí East Dulwich tàbí New Cross. Nígbà tí a dé ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì láti kó ìwé orin wa, ẹ ti fi ṣéènì tuntun àti àgádágodo sí ẹnubodè.

Halina ti wà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Nunhead nígbà náà. Èmi ni mo lọ sọ fún un. Ó béèrè pé, "Ṣé wọ́n máa wó o?" Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, "Tí mo bá kú, ẹ kàn gbé mi wọ ibẹ̀, kí ẹ gbàdúrà kan, kí ẹ gbé mi jáde. N kò béèrè ju ìyẹn lọ." Mo ṣèlérí fún un. Ẹ̀yin Ọ̀gá, n kò mọ̀ pé ìlérí tí mi ò ní lè mú ṣẹ ni mo ń ṣe. Mo rò pé ẹni tó fi ọwọ́ ọmọdé pọn omi tí wọ́n fi kọ́ ilé yóò rí i wọ̀ bó bá kú.

Ó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọwẹ́wẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rí ààyè wá, ó ní kí a ṣe bí a bá ti mọ̀. Mo pe ọ́físì yín lórí fóònù, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn fún wa fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ kí a tó gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá mi lóhùn níwà pẹ̀lẹ́. Ó ní òun bá mi kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ilé náà kò sí lábẹ́ ìnṣọ́ránsì mọ́, bí nǹkan bá já lu ẹnikẹ́ni, ọrùn ìgbìmọ̀ ni yóò wà. Mo ní kó bá mi sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ó ní ẹnìkan yóò pè mí. Mo gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí mi títí di ọjọ́ ìsìnkú. Ẹnì kankan kò pè.

A ṣì lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. A rò pé bóyá ẹ ti rán ẹnìkan láìsọ fún wa. Àwọn tó ru pósí gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n gbé e ka orí irin tí wọ́n fi ń gbé pósí dúró níwájú ẹnubodè. A wò lọ, a wò bọ̀. Adébánjí, tó ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí, di irin ẹnubodè mú láti fi dúró. Fádà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó gbà láti bá wa wá, ń wo aago rẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí kan wà ní òdìkejì òpópónà, ilé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú ni. Olórí wọn ni Alhaji Làtíìfù Mákánjúọlá. A jọ máa ń kíra wa, a kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ó jáde, ó sọdá wá.

Ó ní, "Ìyá Magi, ta ni ẹ ń dúró dè?"

Mo ní, "Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́."

"Ó ní òun ń bọ̀ ni?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀."

Ó wo pósí náà. Ó ní, "Ẹ gbé wọn wọ ọ̀dọ̀ wa."

Mo ní, "Alhaji, Kristẹni ni wọ́n. Àgbélébùú wà lórí pósí wọn."

Ó ní, "Mo rí i. Òjò ń rọ̀ sí i."

Bí wọ́n ṣe gbé Halina sọdá òpópónà nìyẹn. Alhaji àti àwọn méjì mìíràn ti ká ẹní wọn, wọ́n to àga. Ọmọbìnrin rẹ̀, Nusaybah, tí wọ́n bí síbí, ló ń kó wàláà àti ìwé àwọn ọmọdé kúrò lórí tábìlì. Ó ní, "Mummy, ẹ sit down jọ̀ọ́, mo ti ṣe tíì." Nígbà tó gbé tíì náà fún mi, ó rọra béèrè bóyá family wọn ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Fádà gbàdúrà. Lẹ́yìn náà, Adébánjí dá orin òkú tí Halina kọ́ wa, a sì gbè é lédè Pólándì, àwa arúgbó Yorùbá, nínú ilé kéú. Kò sí ará Pólándì kankan láàárín wa mọ́ tó lè tún ahọ́n wa ṣe. Mo mọ̀ pé a ṣì í ní ibi púpọ̀. A kọ ọ́ tán.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, ojú tì mí lọ́jọ́ náà. Inúure Alhaji kò tì mí lójú, mo dúpẹ́ rẹ̀, mo sì ti padà lọ dúpẹ́. Ohun tó tì mí lójú ni pé nígbà tó béèrè ẹni tí a ń dúró dè, Ìjọ tí mo ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti da omi sí mi lórí ni ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ náà. Òun kò béèrè ìnṣọ́ránsì lọ́wọ́ wa.

Láti ìgbà náà, a ti fọ́n ká. Àwọn kan wà ní New Cross. Àwọn kan ti bá àwọn ọmọ wọn lọ sí àwọn ìjọ onípàtẹ́wọ́ ní Old Kent Road, n kò dá wọn lẹ́bi. Adébánjí kò lọ síbì kankan mọ́. Ó ní bọ́ọ̀sì méjì pọ̀ fún ẹsẹ̀ òun, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ nìkan kọ́. Èmi ń lọ sí East Dulwich. Ọmọlúàbí ni wọ́n níbẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà máa ń fún mi ní ìwé tí wọ́n fi ń kí àwọn àlejò káàbọ̀. Mo máa ń gbà á.

N kò kọ̀wé yìí láti ní kí ẹ dá ilé náà padà. Mo mọ iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ ní Peckham báyìí, mo sì ti dàgbà ju ẹni tí ń retí irú rẹ̀ lọ. Ohun tí mo ń tọrọ kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò nínú ìjábọ̀ yín, ibi tí ẹ ti ní a kò ní ìtàn. Ẹ lè kọ pé a kéré. Ẹ lè kọ pé a ti darúgbó, pé òrùlé kò dára. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn, n kò sì ní jà sí i.

Ìkejì ni èyí. Ọjọ́ kejì oṣù Bélú ni Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Òkú, ọjọ́ Ìsinmi ló sì bọ́ sí lọ́dún yìí. Lẹ́yìn Mísà àárọ̀, èmi àti àwọn tó bá lè rìn yóò wá sí iwájú ilé náà láti dárúkọ àwọn òkú wa: Stanisław, Tadeusz, Fádà Zygmunt, Wándé ọkọ mi, Halina, àti àwọn yòókù. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ rán ẹnìkan wá láti inú ìgbìmọ̀ yín. Bí kò bá lè mú kọ́kọ́rọ́ wá, kó ṣáà wá. Kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níta títí a ó fi pe orúkọ wọn tán. Ẹ sọ fún un kó wọ kóòtù tó nípọn, nítorí atẹ́gùn máa ń fẹ́ gan-an níbẹ̀, àwa arúgbó kì í sì í tètè parí àdúrà.

Mo dúpẹ́ bí ẹ bá kà á dé ibí.

Èmi ni tiyín nínú Ìjọ kan náà,

Magdalene Ọbanijésù (Ìyáàfin),
Alága Ìgbìmọ̀ Àwọn Ọmọ Ìjọ, Jadwiga Mímọ́, Peckham.